Síkáàfù Orí Ìṣó

Fífọ́ gílóòbù ni iṣẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ sanwó fún wa. Síbẹ̀, bí mo bá ti ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ àgbàlá iléeṣẹ́, ohùn àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ ni ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin: "Ẹ má fọ́ ọ o! Ẹ má fọ́ ọ!" Ọdún kejìlá rèé tó ti ń pariwo bẹ́ẹ̀. Gbogbo iléeṣẹ́ ló ń pè é ní Ìyá Máfọ́ọ, látorí ọ̀gá pátápátá títí dórí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ó sì ń dáhùn. Àwọn àlejò tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, ṣebí fífọ́ náà lẹ fẹ́ fọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi á wò wọ́n látòkè délẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin náà ń jẹun, àbí? Ṣé ilẹ̀ lẹ máa ń da ọbẹ̀ sí kẹ́ ẹ tó lá a?"

Òótọ́ ló sọ. Gílóòbù gígùn tó ń tan iná funfun, irú èyí tó pọ̀ ní ọ́fíìsì àti iléèwé, ìyẹ̀fun funfun kan wà nínú rẹ̀, mẹ́kúrì sì wà nínú ìyẹ̀fun náà. Irin tó ń ṣàn bí omi ni mẹ́kúrì, ó sì ń fò lọ bí èéfín tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Bí gílóòbù bá fọ́ nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fa ìyẹ̀fun àti èéfín sínú àgbá, a ó di àgbá pa, dígí á lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ dígí, irin á lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Bó bá fọ́ síta, imú èèyàn ló máa fà á. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, bó bá sì wọ ara ọmọdé, ó lè ṣe ọpọlọ rẹ̀ ní jàǹbá. Ọjọ́ tí wọ́n gbà wá síṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ wa ní gbogbo èyí, a sì mọ̀ ọ́n sórí bí orúkọ ara wa.

Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ tó ń kó gílóòbù àlòkù wá. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi wọ iṣẹ́ náà, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ọdún méje ló fi jù mí lọ, òun ló ń nu imú mi nígbà tí màmá wa bá lọ síbi iṣẹ́, n ò sì rò pé ó tíì gbà pé mo lè nu ún fúnra mi. Kí ó tó débí, ilẹ̀ iléèwé kan ló ń fọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ìdí ẹ̀rọ tó ń fọ́ gílóòbù ni wọ́n gbé e sí, ibẹ̀ ló sì wà láti ọjọ́ náà, ó ń ti gílóòbù bọ ẹnu ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ tó ń ṣagídí.

Yàrá méjì la ní tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. À ń pe ọ̀kan ní yàrá ìdọ̀tí, à ń pe èkejì ní yàrá mímọ́, ilé ìwẹ̀ sì wà láàrin wọn. Wọ́n kọ òfin sára pátákó ńlá kan: aṣọ, bàtà, ìbọ̀wọ́, ìbòrí àti ìbòmú tí iléeṣẹ́ bá fún ọ kò gbọdọ̀ kọjá yàrá ìdọ̀tí. Bọ́ wọn síbẹ̀, wẹ̀, kí o tó lọ wọ aṣọ tí o gbé wá láti ilé. Kò sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún pátákó yẹn tó ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ kan, mo ti wẹ̀, mo ti múra tán, ni mo bá rántí pé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Mo ní kí n sáré lọ mú un, kí n sì sáré jáde. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń dí adìyẹ lọ́nà.

"Níbo?"

"Kọ́kọ́rọ́ lásán ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mú un, kó o sì tún wẹ̀."

Mo ní ọmú kan náà làwa méjèèjì jọ mu. Ó ní, "Ọmú yẹn ti gbẹ. Lọ wẹ̀." Mo lọ tún wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ síkáàfù wá kù. Aṣọ òwú ni, aláwọ̀ aró, pẹ̀lú tótòtó funfun káàkiri ara rẹ̀. Ti màmá wa ni kó tó kú. Ìbòrí oníke tí iléeṣẹ́ fún wọn máa ń fa irun ẹ̀gbọ́n mi tu, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ́kọ́ wé síkáàfù kó tó fa ìbòrí bò ó. Bí iṣẹ́ bá parí, á bọ́ gbogbo nǹkan iléeṣẹ́ sí yàrá ìdọ̀tí. Síkáàfù kì í ṣe nǹkan iléeṣẹ́. Ó wá kan ìṣó kan mọ́ férémù ilẹ̀kùn tó wà láàrin ilé ìwẹ̀ àti yàrá mímọ́. Ibẹ̀ ló ń fi í kọ́ bó bá ń wẹ̀, bó bá sì wẹ̀ tán á tún wé e, ó di ilé. Ìṣó yẹn kò sí ní yàrá ìdọ̀tí, kò sì sí ní yàrá mímọ́. Ìṣojú gbogbo wa ló wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ọ̀gá Ààbò pàápàá, ẹni tí ìlera wa wà lọ́wọ́ rẹ̀, máa ń fi èjìká ti síkáàfù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níbí, torí ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi bi mí léèrè bóyá ó yẹ kó máa fi síkáàfù náà sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ebi ń pa mí lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ ká tètè máa lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iléeṣẹ́ ló rà á fún yín ni? Síkáàfù màmá wa, kí ló kàn wọ́n níbẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wé e. Ẹni tó ń lé mi padà sílé ìwẹ̀ nítorí kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo fún un láyè.

Nílé rẹ̀, yàrá méjì àti pálọ̀ lókè àjà kejì, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń gbé, torí ọkọ ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ìparí oṣù ló ń wálé. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi wá ọmọ. A gbàdúrà títí ó fi rẹ̀ wá, ká má purọ́. Nígbà tí ọmọ náà máa wá dé, ọkùnrin ni, ó sì gbé ojú dé bí onílé tó wá wo ẹni tó fọ́ fèrèsé. Gbogbo wa ń pè é ní Bàálé. Ìyá-ìyá rẹ̀ ń pè é ní "ọkọ mi." Bí Bàálé bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á ti rá kòrò dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé e, Bàálé á sì fa síkáàfù kúrò lórí rẹ̀, á ki etí síkáàfù náà bọnu, á máa mu ún títí oorun á fi gbé e lọ. Láìsí síkáàfù yẹn, Bàálé kì í sùn. "Ọkọ mi ń ṣí mi lórí lójoojúmọ́," lẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ, "ta ni màá fẹjọ́ rẹ̀ sùn?" Inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì ń pín ìgò kékeré fún wa láti tọ̀ sí, kí wọ́n lè mọ iye mẹ́kúrì tó wà lára wa. Láti ọdún méjìlá, nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi kò kọjá mẹ́jọ rí. Bí tèèyàn bá pé ogún, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Tuesday kan, Ọ̀gá Ààbò pè é sínú ọ́fíìsì, ó sì ní kí n tẹ̀ lé e. Obìnrin kékeré tó ń lo awò ojú ni Ọ̀gá Ààbò, kò lè ju ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó ti ìwé náà síwájú wa lórí tábìlì. Mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀.

"Ẹ ti ṣe àṣìṣe," lẹ̀gbọ́n mi wí. "Ìtọ̀ ẹlòmíì lẹ mú."

"Ẹ̀ẹ̀mejì la yẹ̀ ẹ́ wò, mà."

Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Rọ́bà ńlá tó ń fa ìyẹ̀fun lọ sínú àgbá ti sán lẹ́yìn, níbi tí ojú kò ti lè tó o. Sísán náà kò gùn ju ìka méjì lọ, ó sì dojú kọ ọrùn ẹni tó bá dúró nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ní á ti tó oṣù méjì. Ìyẹ̀fun náà kúnná ju àtíkè lọ, o ò lè rí i bó ṣe ń bọ́. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi sinmi fún oṣù mẹ́ta, pé nọ́ńbà rẹ̀ á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná. Ọ̀gá Ààbò kò tíì ṣe tán. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde, èyí tó ń wá mẹ́kúrì nínú afẹ́fẹ́, tí àwa ń pè ní Imú. Bí Imú bá rí i, á máa ké, nọ́ńbà ojú rẹ̀ á sì máa lọ sókè. Ó gbé e kọjá lára bàtà iṣẹ́, ó ké díẹ̀. Ó gbé e wọ yàrá mímọ́, kò ké. Ó gbé e kọjá lórí báàgì àti bàtà ilé ẹ̀gbọ́n mi, kò fọhùn. Ó gbé e kọjá lórí fìlà tèmi, kò fọhùn, inú mi dùn, ojú sì tì mí pé inú mi dùn. Ó ń padà bọ̀ ni Imú bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ó sún mọ́ férémù, igbe náà le sí i. Ó gbé e dé orí ìṣó. Nọ́ńbà yẹn ń lọ sókè, ó ń lọ sókè, kò dúró.

"Ta ló ni síkáàfù yìí?" ló béèrè. Gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Èmi ni," lẹ̀gbọ́n mi wí. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ síbi ẹnu rẹ̀. "Ó máa ń fi sẹ́nu," ló wí.

"Ta ni, mà?"

"Ọkọ mi."

Ọ̀gá Ààbò mọ̀ pé opó ni. Ó yíjú sí mi. Mo ní, "Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ oṣù mẹ́wàá." Ọ̀gá Ààbò yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ún, ó ń nu ún, kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀. Èmi ń wo tótòtó funfun tó wà lára síkáàfù. Láàrin gbogbo funfun yẹn, ta ni ì bá mọ èyí tó jẹ́ àmì, ta ni ì bá mọ èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun?

Ó ní ká má tíì sọkún. Ó ní ó lè jẹ́ díẹ̀ ló wọ ọmọ náà lára, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àyẹ̀wò ló máa sọ. Wọ́n á lẹ báàgì kékeré kan mọ́ ọn nídìí láti gba ìtọ̀ rẹ̀, ilé àyẹ̀wò tó ń ṣe tọmọdé jìnnà, ọjọ́ mẹ́fà ni èsì máa gbà. "Ẹ sọ fún ìyá ọmọ lónìí," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù. Èmi àti nọ́ọ̀sì ń bọ̀ ní aago márùn-ún."

Inú ọkọ̀ mi la gbà lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, orí rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ewú kún ibẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ti fọ irun náà lẹ́ẹ̀mẹrin. A dé ibi iná ojú ọ̀nà kẹta kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé a ò lè sọ pé àyẹ̀wò ìjọba ni? Pé gbogbo ọmọdé àdúgbò ni wọ́n ń ṣe é fún?"

Inú bí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ṣùgbọ́n ìbínú ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹ̀fun ti wọlé, ẹ tún fẹ́ kó irọ́ tẹ̀ lé e?"

"Ọdún mẹ́fà ló fi wá a," ló wí. "Ọdún mẹ́fà." Ó bo ojú. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà ibẹ̀, èmi náà ni mo ń wọ́ ọ."

Mo ní èmi ni mo sọ fún un pé kó máa wé e. Ó ní kí n dákẹ́, pé òun ti dàgbà ju ẹni tí àbúrò rẹ̀ ń wé síkáàfù fún. Kò jẹ́ kí n gbà lára ẹ̀bi náà rárá.

Bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn, a gbọ́ ọwọ́ Bàálé tó ń gbá ilẹ̀ bọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó rí ìyá-ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìgbésẹ̀ kan, èkejì. Bàálé wo orí rẹ̀, ó ń wá síkáàfù.

"Màámi, èé ti ṣe?" Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yọ jáde láti ìdí sítóòfù. Ó rí mi lẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Bàbá kékeré, ẹ káàbọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ dúró síta?"

Orí àtẹ̀gùn níbẹ̀ lẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́. Kò dín nǹkan kan kù nínú rẹ̀. Ó sọ ti rọ́bà, ó sọ ti ìṣó, ó sọ ti etí síkáàfù tí ọmọ ń mu. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Bàálé, ó gbé e mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà.

"Màámi," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá, "bí mo bá ti òde dé, ẹ ó ní kí n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá wá kí ọmọ yìí, ẹ ó ní kó fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọkọ mi gan-an, ẹ ní kó fọwọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ má gbé e. Títí èsì á fi dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e."

"N ò ní gbé e," lẹ̀gbọ́n mi wí. Kò wí àwíjàre kankan.

Ọ̀gá Ààbò dé pẹ̀lú Imú, ó gbé e yí gbogbo ilé ká. Ìrọ̀rí kékeré Bàálé ké. Apá àga tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi síkáàfù lé ké díẹ̀. Ibi yòókù kò fọhùn. Wọ́n di ìrọ̀rí sínú ọ̀rá méjì, wọ́n gbé àga lọ, nọ́ọ̀sì gba ìtọ̀ Bàálé lẹ́yìn tí ọmọ náà ti fi ẹsẹ̀ gbá a lágbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló wá ku dídúró.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kó láti òde wọlé ló jókòó tì wá fún ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì, ó padà síbi iṣẹ́, kì í ṣe láti fọ́ gílóòbù. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìbọ̀wọ́ mú síkáàfù màmá wa, ó ká a bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ tó ń lọ sínú àpótí, ó sọ ọ́ sínú àgbá, ó sì di ẹnu àgbá náà pa. Mo ní kí n bá a ṣe é, ó ní rárá. Lórí ìwé tí a ń lẹ̀ mọ́ àgbá, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: síkáàfù, ẹyọ kan. Èmi mú ẹ̀mú, mo fa ìṣó yẹn tu. Ó wọlé gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

Ìyókù ọjọ́, pálọ̀ ló ń jókòó sí, lórí àga onígi lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan bí ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń yà ní fọ́tò. Ọmọ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe pé kò bá a sọ̀rọ̀: "Màámi, tíì yín rèé." "Màámi, ẹ ò jẹun." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàálé ni kò gbọ́ èdè tí gbogbo wa ń sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó rá kòrò lọ bá ìyá-ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó bọ́ sẹ́yìn tábìlì. Bàálé rò pé eré ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí tábìlì ká lé e, ẹ̀gbọ́n mi yí lọ sódì kejì, ọkùnrin kékeré náà ń pariwo ẹ̀rín, omijé ń bọ́ lójú ìyàwó rẹ̀. Èmi jókòó níbẹ̀, n ò mọ èyí tí mo lè wò nínú àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ kẹta kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó sunkún. Kò sùn lọ́sàn-án, torí kò rí ohun tó máa mu. Ìyá rẹ̀ fún un ní aṣọ ìnura, ó jù ú nù. Ó fún un ní etí búláòsì ara rẹ̀, ó jù ú nù.

Ọjọ́ kẹrin ló burú jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kà á lórí fóònù pé ọmọdé tí mẹ́kúrì bá wọ̀ lára, ìka rẹ̀ á pọ́n, á máa lágùn, kò ní fẹ́ jẹun. Láti ìgbà náà, ó ń ka ìka Bàálé bí ẹni tó ń wá èyí tó sọnù. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ní nǹkan bí aago méjì ó pè mí: "Bàbá kékeré, ó ti pọ́n! Ìka rẹ̀ ti pọ́n!" Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù nínú rẹ̀, mo sáré gun àtẹ̀gùn. Lóòótọ́, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ́n, ètè náà pọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ̀yìn ti ògiri, kò lè sún mọ́ wọn, kò sì lè jáde. Mo rẹ omi sí aṣọ, mo nu àtàǹpàkò Bàálé. Pupa náà bá aṣọ lọ. A wo abẹ́ àga, a rí ìwé kan tó ní ẹ̀yìn pupa, Bàálé ti mu ìdajì rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi náà fẹ̀yìn yọ̀ lára ògiri jókòó, wọ́n ń wo ara wọn láti ìhà méjèèjì yàrá náà.

"Bó bá ti wọ̀ ọ́ lára ńkọ́, Màámi?"

"Bó bá ti wọ̀ ọ́ lára, a ó gbé e lọ sílé ìwòsàn tó tóbi jù. N ó sì kúrò nílé yìí, kó o lè mí."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kúrò nílé?" ọmọ rẹ̀ wí, ó wá sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́. "Níbo lẹ fẹ́ lọ? Ta ló lè bá mi bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Ní ọjọ́ karùn-ún, Bàálé kò rá kòrò lọ síbi fèrèsé mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wọlé, kì í gbójú sókè. Ó ń fi ìdérí ìkòkò ṣeré, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ó ti dín wàhálà kù. Èmi mọ irọ́ rẹ̀ láti kékeré.

Ọ̀gá Ààbò wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà, ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, àyà mi já, torí mo rò pé ká ní ìròyìn ayọ̀ ni, fóònù ni wọn ì bá fi sọ ọ́. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ìdí tóun fi wá nìyẹn. Ó ṣí ìwé náà.

"Mẹ́ta," ló wí.

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ọmọdé tí kò rí gílóòbù wa rí lè ní méjì. Mẹ́ta kò ṣe é ní nǹkan kan. Ohun díẹ̀ tó wọ̀ ọ́ á jáde fúnra rẹ̀. A ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù kan kí ọkàn wa lè balẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan. Ṣé ẹ gbọ́ mi, mà? Ẹ lè gbé e."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pariwo orúkọ Ọlọ́run. Èmi wá ibì kan jókòó sí, mi ò rí, mo jókòó sórí bàtà àwọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló dúró bó ṣe wà. Ọmọ rẹ̀ gbé Bàálé, ó gbé e la pálọ̀ kọjá, ó na án sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ gbà á. Ọkọ yín rèé."

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́. Bàálé wo ọwọ́ náà, ó wo ojú rẹ̀. Ó yíjú padà, ó fi í pamọ́ sí ọrùn ìyá rẹ̀, ó sì di búláòsì ìyá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Bàálé, má ṣe bẹ́ẹ̀," ìyá rẹ̀ wí. Ó fẹ́ tú u kúrò lọ́rùn, ọmọ náà figbe ta.

"Fi í sílẹ̀." Omijé ń bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó bínú sí mi. Ara tó le ló ń bínú. Jẹ́ kó bínú dáadáa."

Ó jókòó sílẹ̀ sórí ẹní, òun tí eékún ń dùn. Ó tẹ orí rẹ̀ síwájú, orí tí kò wé nǹkan kan, ewú rẹ̀ ṣì tutù, torí ó ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ gbogbo. Ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí ọmọ lè rí i.

"Ọkọ mi," ló wí, "mo ti wẹ̀. Wò ó. Mo ti wẹ̀."